EAP ibi iṣẹ́: bí mo bá pè wọ́n, ṣé ọ̀gá ò ní gbọ́?

Ọmọ Iléṣà, Leicester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ló sì fún mi ní CoS (Certificate of Sponsorship, ìwé onígbọ̀wọ́ ilé iṣẹ́) tí mo fi wọ ìlú yìí. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri yàrá tí a ti ń jẹun. Nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, pé tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e, pé òṣìṣẹ́ àti ìdílé rẹ̀ lè pè láti sọ ohunkóhun tó bá ń jẹ wọ́n lọ́kàn, àṣírí ò sì ní tú. EAP (Employee Assistance Programme), ètò ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́, ni wọ́n pè é.

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti bímọ ni oorun ò ti kùn ún mọ́. Á kàn jókòó, á máa sunkún. Èmi náà, gbèsè tí mo jẹ kí a tó dé ibí ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo fẹ́ pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tá a jọ ń ṣe ṣíìfù òru ní tí mo bá dán an wò, máníjà á gbọ́, wọ́n á ní orí mi ti dàrú, wọ́n á sì gba CoS lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti pè wọ́n rí? Àwọn wo gan-an ló ń gbé fóònù yẹn?

Bàbá Tóbi, Peckham

Àbúrò, ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ta ló ń sanwó fún àwọn tó ń gbé fóònù? Ṣebí ilé iṣẹ́ yín náà ni. Ẹni tó ń sanwó fún èèyàn bi í ní ìbéèrè, ṣé ó máa dákẹ́ ni? Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, obìnrin kan lọ sọ ti ara rẹ̀ fún dókítà tí ilé iṣẹ́ ní kó lọ rí. Kò pẹ́, kò jìnnà, ìwé dé ọwọ́ máníjà. Wọ́n yí ṣíìfù rẹ̀ padà, wọ́n dín wákàtí rẹ̀ kù. Ìṣojú mi ni. Àwọn òyìnbó á máa rẹ́rìn-ín sí ẹ, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ sílẹ̀. Ọlọ́run nìkan ni kó o sọ fún.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́, Manchester

Bàbá Tóbi, ẹ má bínú sí mi, sà. Mo gbà pé ohun tí ẹ rí yẹn ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe EAP. Occupational Health nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àwọn èèyàn wa sì máa ń pa wọ́n pọ̀, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ìbẹ̀rù yìí ti ń wá.

Occupational Health, máníjà ló ń ránni lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni láti wò ó bóyá ara òṣìṣẹ́ gba iṣẹ́ tó ń ṣe, kí wọ́n sì kọ èsì sí máníjà: ṣé ó lè máa gbé aláìsàn, ṣé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ṣíìfù òru fúngbà díẹ̀. Nítorí náà, èsì ń lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gba àyè lẹ́nu yín kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, ẹ sì lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ kà á. Ohun tó kan máníjà ni ohun tí ẹ lè ṣe àti ohun tí ẹ ò lè ṣe. Ìtàn ìgbéyàwó yín ò kàn án.

EAP, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń pè. Kò sẹ́ni tó rán yín, kò sì sẹ́ni tó ń retí èsì. Ilé iṣẹ́ mìíràn tó wà lọ́tọ̀ ni ọ̀gá yín ń sanwó fún, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn ò tiẹ̀ sí ní ìlú kan náà.

Ọ̀kan wà láàárín méjèèjì tí ẹ gbọ́dọ̀ lajú sí. Tí máníjà bá ní òun fúnra òun máa bá yín kọ fọ́ọ̀mù EAP, ẹ bi í pé kí ni wọ́n máa sọ padà fún òun. Nígbà míì wọ́n á sọ bóyá ẹ wá tàbí ẹ ò wá. Tí ẹ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ lọ pe nọ́ńbà ara ògiri yẹn fúnra yín.

Onímọ̀ràn Àná, Leeds

Mo ti jókòó sídìí irú fóònù bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ.

Tí ẹ bá pè, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ yín. Ìbéèrè yìí ló máa ń já àwọn èèyàn wa láyà, wọ́n á sì gé fóònù. Wọ́n ń béèrè kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé iṣẹ́ yẹn ti sanwó, àti ìgbà mélòó tí àdéhùn náà gbà yín láyè láti rí agbaninímọ̀ràn. Tí ẹ ò bá tíì fẹ́ sọ orúkọ ara yín, ẹ sọ fún wọn. Ẹ lè béèrè gbogbo ohun tó ń kọ yín lóminú kí ẹ tó sọ ẹni tí ẹ jẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bi yín tààrà bóyá ẹ ti ń ronú àtipa ara yín. Ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Gbogbo ẹni tó bá pè ni wọ́n ń bi.

Tí wọ́n bá rí i pé ìjókòó máa ṣèrànwọ́, wọ́n á wá agbaninímọ̀ràn fún yín, lórí fóònù, lórí fídíò tàbí lójúkojú. Lọ́pọ̀ ibi, ìjókòó 6 sí 8 ni. Kò pọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé EAP ń wo gbogbo nǹkan sàn, irọ́ ló ń pa. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló dára fún jù: ọ̀fọ̀, ìjà lọ́kọláya, iṣẹ́ tó ti ń súni, àìrí oorun sùn. Àìsàn tó ti wọra, ọ̀dọ̀ GP, dókítà àdúgbò yín, ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, àwọn náà á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ó wá kan ti àṣírí. Bàbá Tóbi ò parọ́ tán, ọ̀gá ń gba ìwé. Ìwé iye ni: èèyàn mélòó ló pè, mélòó ló jẹ́ nítorí owó, mélòó ló jẹ́ nítorí ilé. Kò sí orúkọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò ní tàn yín. Tí ilé iṣẹ́ bá jẹ́ èèyàn 12 péré, tí ìwé sì sọ pé ẹnì kan pè nítorí ọtí, ọ̀gá lè bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wá ẹni náà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn kì í tú u palẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kékeré, síbẹ̀ ẹ béèrè: "Kí lẹ máa ń kọ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa?" Kò sí ìwọ̀sí nínú ìbéèrè yẹn. Ẹni tí kò bá lè dá yín lóhùn kedere, ẹ fi í sílẹ̀.

Àṣírí náà ní ààlà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ̀mí yín tàbí ti ẹlòmíì bá wà nínú ewu gidi, tí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, tàbí tó bá jẹ mọ́ ìpániláyà, wọ́n lè sọ̀rọ̀ síta. Ọlọ́pàá, dókítà tàbí àwọn tó ń dáàbò bo ọmọ ni wọ́n sábà máa ń pè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú, ẹ fi kún un pé bí èèyàn bá ní òun ń lu arúgbó tí òun ń tọ́jú, ìyẹn ò lè dúró sáàárín ẹni méjì.

Yàtọ̀ sí èyí, òfin Data Protection Act ti 2018 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tí ààbò rẹ̀ gbọ́dọ̀ le ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ̀tọ́ yín ni láti ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ nípa yín hàn yín, oṣù kan sì ni òfin fún wọn láti fi dáhùn. Ẹ tún béèrè bóyá agbaninímọ̀ràn tí wọ́n fún yín wà nínú ìwé BACP, ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn, tàbí ẹgbẹ́ tó bá a dọ́gba, torí nílẹ̀ yìí, kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má pe ara rẹ̀ ní counsellor.

Bàbá Tóbi, Peckham

Mo gbọ́. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí Occupational Health yẹn. Ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó dáhùn ọ̀rọ̀ CoS. Ọmọ náà ní ìyàwó, ó ní ọmọ jòjòló. Tí wọ́n bá fagi lé e, ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbà wọ́n sílé?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́, Birmingham

Bàbá, ìbéèrè tó yẹ ká bi nìyẹn. Tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí sponsor (tí ilé iṣẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ̀), ọjọ́ 60 ni Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó físà, sábà máa ń fún un láti wá òmíràn, kò sì sí ẹni tí ìyẹn ò ní bà lẹ́rù. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ròyìn: pé òṣìṣẹ́ ò wá síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó ju 10 lọ léra léra láìgba àyè, pé owó oṣù tàbí iṣẹ́ rẹ̀ yí padà, pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Pípe fóònù láti sọ pé oorun ò kun èèyàn ò sí nínú rẹ̀. Ọ̀gá ò mọ̀ pé ẹ pè, kí ló fẹ́ ròyìn?

Ìsinmi àìsàn náà kì í ṣe sísá níbi iṣẹ́, bí ẹ bá ti gba ọ̀nà tó yẹ. Ọjọ́ 7 àkọ́kọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ pé ara yín ò yá. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ gba fit note, ìwé ẹ̀rí àìsàn. Òfin tó ní kí ilé iṣẹ́ dáwọ́ sponsor dúró fún ẹni tó bá wà nílé láìgbowó fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ lọ́dún, ó yọ àìsàn sílẹ̀. Ohun tó ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà ni kí wọ́n pa fóònù, kí wọ́n jókòó sílé láìsọ fẹ́nikẹ́ni.

Ọmọ Iléṣà, mo fẹ́ bi yín nípa gbèsè yẹn. Ṣé owó tí ẹ san fún agent kó tó wá iṣẹ́ fún yín wà nínú rẹ̀? Òfin Employment Agencies Act ti 1973 kò gba ilé iṣẹ́ tó ń wáni níṣẹ́ láyè láti gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ EAP ní àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí gbèsè àti òfin, wọ́n wúlò fún ọ̀rọ̀ onílé àti owó bánkì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀gá yín gan-an lẹ fẹ́ bá ṣẹjọ́, wọn ò ní dá sí i, torí òun ló háyà wọn. Ti ìyẹn, Acas, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ẹ̀tọ́ níbi iṣẹ́, ni kẹ́ ẹ pè, 0300 123 1100, tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín. Gbèsè tí ẹ bá jẹ níbí, StepChange àti Citizens Advice kì í gbowó. UNISON ní apá kan tó ń jẹ́ There for You tó ń ran àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́, RCN náà ní agbaninímọ̀ràn tiwọn fún àwọn nọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹgbẹ́. Ẹni tí ara ò bá tù sí EAP lè kọjú síbẹ̀, ọ̀gá ò lọ́wọ́ sí i rárá.

Ìyá Ìbejì, Luton

Gbogbo yín ń sọ CoS, ẹ ti gbàgbé ìyàwó. Ọmọ Iléṣà, báwo ni ọmọ ṣe dàgbà tó? Ẹkún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 2, tí oorun ò wá kódà nígbà tí ọmọ bá sùn, ẹ má dúró de EAP. Ẹ sọ fún health visitor, nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo ọmọ nílé. Ẹ sọ fún GP. Ní England, ìyàwó yín lè fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò dìgbà tí dókítà bá kọ̀wé. Kó rí i pé òun kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, torí wọ́n sábà máa ń tètè dá àwọn bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí dáadáa. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bára mu mọ́, tó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun, tàbí tó ń sọ ikú, pàjáwìrì ni. 999 tàbí A&E (ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn) lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbé e lọ sórí òkè àdúrà ná. Ẹ gbàdúrà nínú ọkọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ.

Nípa "ìdílé" tí wọ́n kọ sí ara ògiri: kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ọkọ tàbí aya, àti ọmọ tó ti kọjá 16 tó ṣì wà nílé ìwé tó sì ń gbé lọ́dọ̀ yín. Ibòmíì, ìyàwó lè pe fóònù, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ nìkan ló ní ìjókòó. Ẹ béèrè. Ti àwọn ọmọ kéékèèké, Childline wà, 0800 1111, wọn ò ní béèrè iṣẹ́ bàbá wọn.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fetí sí mi. Ohun tí ìyàwó yín bá sọ fún wọn, wọn ò ní sọ fún yín. Ẹ lè jẹ́ òṣìṣẹ́, kí nọ́ńbà jẹ́ ti ibi iṣẹ́ yín, ẹ ò ní gbọ́. Tẹ́ ẹ bá fún un ní nọ́ńbà yìí, ẹ fún un tán. Ẹ má wá jókòó tì í bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyàwó tó bá sì jẹ́ pé ọkọ gan-an ni wàhálà yín, nọ́ńbà mìíràn wà tí kò kan ibi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni: 0808 2000 247, tọ̀sán-tòru, obìnrin ló máa gbé e. Ẹ há a sórí.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston

Lọ́dọ̀ tiwa ní Amẹ́ríkà náà EAP pọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láyé ọdún 1940 nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mutí para, ó wá gbilẹ̀ di ti gbogbo ìṣòro. Níbi iṣẹ́ mi, ẹnikẹ́ni tá a jọ ń gbénú ilé kan náà ló kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ẹbí níbí, 988 ni nọ́ńbà ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dójú ẹ̀, láti oṣù keje 2022. Ẹ lè pè, ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́.

Àlàmú, Ìbàdàn

Ẹ ṣé o. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Coventry, ó ní òun fẹ́ fún màmá wa ní nọ́ńbà EAP òun kó máa pè wọ́n láti ilé. Ṣé ó ṣeé ṣe? Láti ìgbà tí bàbá ti kú ni màmá ò ti jáde mọ́.

Onímọ̀ràn Àná, Leeds

Ó ṣòro. Àwọn tó ń gbé pẹ̀lú òṣìṣẹ́ nílé ni àdéhùn wọn sábà máa ń kà sí ìdílé. Nọ́ńbà 0800 náà kì í sábà lọ láti òkè òkun. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín lè ṣe ni kí òun fúnra rẹ̀ pè nítorí ọ̀fọ̀ tó ṣẹ òun náà àti àníyàn màmá tó ń gbé káàkiri. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló jẹ́ pé ilé ni ìṣòro wọn wà, tí wọ́n á sì máa rò pé ìyẹn ò kan EAP. Ó kàn wọ́n. Cruse náà wà fún ẹni tó ṣọ̀fọ̀. Ti màmá, UCH wà nítòsí yín, wọ́n ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ará Abẹ́òkúta ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro láti ọdún 1954. Ní Èkó, LUTH ní SURPIN fún ẹni tó bá ń ronú àtipa ara rẹ̀. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò Lunacy Act ti 1958, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ "wèrè" dẹ́rù bà yín.

Ṣadé, Lincoln

Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba èdè. Ẹ lè ní kí wọ́n bá yín wá ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè rí i. Àmọ́ ìlú wa kéré, àwọn Yorùbá tó wà níbí ò tó kún ṣọ́ọ̀ṣì méjì, ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ bá ìyá ìjọ pàdé lórí fóònù! Ògbufọ̀ orí fóònù lè wà ní Glasgow tàbí Cardiff, ẹ sì lè ní kí wọ́n má dárúkọ yín fún un. Tẹ́ ẹ bá sì mọ ohùn ẹni náà, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tún lè ní obìnrin lẹ fẹ́, tàbí ẹni aláwọ̀ dúdú. Wọ́n lè ní kí ẹ dúró díẹ̀ sí i kí wọ́n tó rí i. Ẹni tó bá fẹ́ sanwó ara rẹ̀, BAATN ní àkójọ àwọn agbaninímọ̀ràn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ará Áfíríkà àti ará Éṣíà.

Àti pásítọ̀ àti ààfáà, mi ò ní ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín bóyá òun náà ní ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò tí ọ̀rọ̀ yín bá bọ́ sórí pẹpẹ lọ́jọ́ Sunday.

Ọmọ Iléṣà, Leicester

Ọlọ́run á bá mi san yín lẹ́san. Ìyá Ìbejì, ọmọ ti pé oṣù mẹ́ta. Kò gbọ́ ohùn kankan, ẹkún náà ni. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín hàn án, ó ní òun máa sọ fún health visitor, ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yìí. Akọ̀wé, owó agent wà nínú rẹ̀, màá kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Ó ku ìbéèrè kan. Fóònù tí mò ń lò, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n fi ra káàdì rẹ̀, bílì ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣé mo lè pè láti ibi iṣẹ́ lásìkò ìsinmi?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́, Manchester

Ẹ má lo fóònù ibi iṣẹ́, ẹ má sì lo Wi-Fi wọn tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ máa gbà. Nọ́ńbà 0800 ti di ọ̀fẹ́ lórí fóònù alágbèéká láti oṣù keje 2015, owó ò ní gorí bílì, ṣùgbọ́n ẹ fi fóònù ìyàwó yín pè tí nọ́ńbà yẹn bá ń kọ yín lóminú. Samaritans, àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ẹni, 116 123, kì í hàn lórí bílì rárá, kò dìgbà tí ẹ bá fẹ́ kú kí ẹ tó pè wọ́n. Ẹni tí kò rí ibi ìkọ̀kọ̀ sọ̀rọ̀ lè tẹ SHOUT ránṣẹ́ sí 85258. Tó bá di òru tí nǹkan le, 111 ti NHS ni, kí ẹ tẹ 2.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù EAP, íméèlì ara yín ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ti ibi iṣẹ́. Tí wọ́n bá ní àwọn á pè yín padà, ẹ sọ wákàtí tí ẹ kò ní sí ní ṣíìfù, kí ẹ sì ní kí wọ́n má fi ohùn sílẹ̀ lórí fóònù.